Irọ́ Tí Ọ̀gá Ilé Kọ̀ǹpútà Pa

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Àṣepé níbi iṣẹ́. Bí èèyàn bá ń po tíì níwájú rẹ̀, yóò fi bó ṣe yẹ kó yí ṣíbí hàn án. Òun ni olórí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ ńlá kan, ẹnu rẹ̀ sì tólẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ràgàjì kan tí wọn yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí, Àṣepé ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ibi tí iná yóò gbà wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀ tó tóbi bí ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dárúkọ Ọlọ́run sí i, yóò rẹ́rìn-ín. Á ní, “Àwọn tí kò mọ ètò ṣe ló ń gbàdúrà.”

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, omi kọ́ ni wọ́n fi ń pa iná, torí omi yóò ba ẹ̀rọ jẹ́. Gáàsì ni, èyí tó ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú yàrá. Nítorí náà, aago ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún kí èèyàn lè sá jáde. Ṣùgbọ́n eruku àwọn tó ń gé irin kò jẹ́ kí aago náà sinmi. Bó bá ti dún, gbogbo òṣìṣẹ́ á tú síta, wọ́n á dá gáàsì dúró kó tó tú, iṣẹ́ á dúró. Ọjọ́ ìṣílé sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Igbákejì rẹ̀, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, gbọ́ pé ó fẹ́ pa aago náà, ó sì wọlé tọ̀ ọ́. “Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá máa pa aago yẹn, ẹ jẹ́ ká ti gáàsì náà pa. Èèyàn ń bẹ nínú yàrá.”

“Táwọn tó ń yẹ ilé wò bá wá bá a ní títì ńkọ́? Ẹ pa aago, ẹ fi gáàsì sílẹ̀.”

“Mi ò lè ṣe é, ọ̀gá.”

“Ẹ lọ jókòó, màá pa á fúnra mi.” Ó sì pa á.

Ní ọjọ́ kejì, eruku tún mú kí gáàsì náà tú láìsí ìkìlọ̀ kankan. Àbúrò ìyàwó Àṣepé ló wà nínú yàrá, níbi tó ti ń so wáyà. Àṣepé fúnra rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ́ ọ jáde, èémí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àwọn olùdarí béèrè ẹni tó pa aago. Ẹ̀rù ba Àṣepé. Ó ní, “Igbákejì mi ni.” Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí Màmá lọ dúró sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Obìnrin náà wo Àṣepé lẹ́ẹ̀kan, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun kan náà, ó sì tún pa irọ́ kan náà. Ìyàwó náà sunkún, ó gbé Màmá ṣépè tọmọtọmọ. Àṣepé sì ṣe àmín.

Àmín yẹn ló dà á láàmú. Yóò jókòó sípàdé, ètò ilé yóò wà níwájú rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yà sílé ìwòsàn. Màmá ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi aṣọ tútù nu ẹnu aláìsàn náà.

“Ẹ ò ṣe bú mi?” ni Àṣepé béèrè.

“Mi ò ní bo irọ́ yín. Tí wọ́n bá pè mí, màá sọ òótọ́,” ni Màmá dá a lóhùn. “Àmọ́ Jésù dárí jì mí nígbà tí mi ò yẹ lẹ́ni à ń dárí jì. Mi ò lè kórìíra yín.”

“Ẹ ò tíì gbọ́ tán. Wọ́n ṣépè fún yín àtàwọn ọmọ yín, mo sì ṣe àmín.”

Omi lé ròrò sójú Màmá. “Ìyẹn náà wà lára ohun tó gbé Jésù dé orí àgbélébùú. Bẹ́ ẹ ṣe rí yìí ni kẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ rẹ̀.”

Àṣepé kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú àwọn ẹni ńlá kò rí ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ sọ: “Jésù, èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi.” Ó sunkún títí nọ́ọ̀sì fi wọlé.

Ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ fún àwọn olùdarí. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì pe Màmá padà láti parí ilé náà. Ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí jàǹbá náà ṣì wà nílé ẹjọ́. Ìyàwó rẹ̀ kì í bá a sọ ju ohun tó bá pọn dandan lọ. Àbúrò náà ti ń fi igi rìn, ọ̀rọ̀ ṣì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, Àṣepé ló sì máa ń di apá rẹ̀ mú láràárọ̀. Kò sí ohun tó rọrùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ji òun, òun kò sì sá fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí, ta ni o ti ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ sí lọ́rùn? Ó lè jẹ́ pé aya rẹ tàbí ọ̀gá rẹ gbà ọ́ gbọ́. Ọlọ́run kò gbà ọ́ gbọ́, síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ, ó sì fi Ọmọ rẹ̀ lélẹ̀ nítorí rẹ. Má sọ pé o máa kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn lọ sílé ìwòsàn nítorí rẹ. Níbi tó o wà yìí, kó o tó fi ìwé yìí sílẹ̀, ronú pìwà dà, kó o sì ké pe Jésù. Lónìí ni kó o ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó ṣèlérí ọ̀la fún ọ.