Òkúta Tí Wọ́n Nà Ró

Ẹ̀rọ Awòjìji kì í parọ́. Ohun tí gbogbo Òkè-Aṣọ́run gbà gbọ́ nìyẹn, títí di ọ̀sán ọjọ́ tó kéde pé ewu ti rékọjá, tí Ìyá Ẹfúnyẹmí sì figbe ta pé irọ́ ni.

Láyé ìgbà náà, ọmọ Yorùbá ti kọ́lé sínú òṣùpá, ọkọ̀ sì ń lọ ń bọ̀ láàárín ibẹ̀ àti Òkè-Aṣọ́run. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan ní ọgọ́ta ọdún, òjò òkúta máa ń rọ̀ lójú ọ̀nà ọ̀run, ọdún yìí ló sì tún pé. Ọkọ̀ tó bá kò ó ti parí nìyẹn. Iná ti jó ìwé àtijọ́ àwọn onímọ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó mọ ọjọ́ tí òjò náà ń dá. Òkúta méjì tí àwọn baba ńlá rì mọ́lẹ̀ lórí òkè nìkan ló mọ̀ ọ́n: ọ̀kan ga, ó tẹ̀ sẹ́yìn, èkejì kúrú. Lọ́sàn-án gangan tí òjìji èyí tó ga bá kan èyí tó kúrú, òjò ti dá. Òjìji yìí ni wọ́n gbé Awòjìji síbẹ̀ pé kó máa wò. Ìdílé Ìyá Ẹfúnyẹmí ló ń ṣọ́ òkúta náà láti ayébáyé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àyọ̀ká, ló sì fẹ́ wa ọkọ̀ elérò ogójì gbéra lọ́jọ́ yìí.

Ìyá náà gun òkè tìbínú-tìbínú, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ òjìji kò tíì pé. Òkúta gíga náà ti dúró ṣánṣán bí òpó ilé.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ọ̀mọ̀wé Adégbuyì, ọ̀gá àwọn onímọ̀, rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, Ìyá. Àlejò ń bọ̀ láti òṣùpá, ìtìjú ló sì jẹ́ kí wọ́n bá òkúta wa bó ṣe ń ṣubú lọ. Ṣé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́?"

"Orí ọmọ tuntun wo? Bí wọ́n ṣe rì í nìyẹn! O nà án ró, òjìji rẹ̀ gùn, ó kan òkúta kékeré ṣáájú ọjọ́. Òjò ò tíì dá. Dá ọmọ mi dúró!"

"Ìyá, ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀."

"Ohun tí o gbé síwájú ẹ̀rọ náà ló rí, olórí burúkú!"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Adégbuyì ń wò ó. Ó jọ pé Adégbuyì ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òótọ́ ni ìyá náà ń sọ, torí ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí bọ́tìnì ìdádúró ọkọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ náà, ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí ọ̀mọ̀wé burú. Ó mú ọwọ́ kúrò, ó ní kí wọ́n fa ìyá náà sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ gbéra.

Kò pé wákàtí méjì tí ohùn Àyọ̀ká fi wọlé sórí rédíò: "Òkúta ló ń rọ̀ lù wá yìí o! Ẹ bá mi sọ fún màmá mi pé..." Ohùn náà já.

Lọ́jọ́ kejì, Adégbuyì lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. "Ìyá, ẹ forí jì mí."

"Mi ò forí jì ọ́. Dìde, kí o lọ dá òkúta mi padà sí bó ṣe wà."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ilẹ̀ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, ó tẹ òkúta náà sẹ́yìn. Ìyá náà dúró tì í. Láti ọjọ́ náà, ìyá náà ń gun òkè lọ wo òjìji lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, òjìji kan òkúta kékeré.

Ìyá Ẹfúnyẹmí kọjú sí pápá tí ọkọ̀ ti máa ń gbéra. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Àyọ̀ká," ó ní, "ọ̀nà ti dára wàyí. O lè máa lọ."