Béárìn Tí Ládélé Kò Pààrọ̀

Ọ̀rẹ́, má tíì fi ìwé yìí di ẹ̀pà. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ládélé mẹ́káníìkì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní Mowe, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, mú ìlú lọ́rùn tí ohun èlò mọ́tò sì di góòlù.

Ládélé mọ iṣẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ìkirè ló ti wá, ó háyà yàrá kan nítòsí ọ̀nà márosẹ̀, ó sì ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ igi dóńgóyárò. Bí mọ́tò bá ń kùn lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, á ti mọ̀ pé béárìn rẹ̀ ló jẹ. Béárìn ni irin roboto inú ẹsẹ̀ mọ́tò tí ó ń jẹ́ kí táyà yí geere. Bí ó bá jẹ tán, táyà lè yọ lórí eré.

Wàyí o, gbọ́ ìwà ẹ̀gbin. Àṣà àwọn mẹ́káníìkì wa ni pé bí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan, wọn á gbé ògbólógbòó lé oníbàárà lọ́wọ́, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kò rẹ́ òun jẹ. Àṣà rere ni. Òun gan-an ni Ládélé fi ń jalè.

Ó ní béárìn kan tí ó ti fọ́, tí ó ti dípẹtà, tí ó fi pamọ́ sínú agolo. Òun ló ń gbé lé gbogbo oníbàárà lọ́wọ́. "Ẹ wo ohun tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò yín! Ọlọ́run ló yọ yín!" Oníbàárà á gbọ̀n, á sì súre fún un. Kò mọ̀ pé béárìn òun tó jẹ náà ni Ládélé fi bẹntiróòlù fọ̀, tí ó rọ gíríìsì tuntun sí, tí ó sì dá padà sáyè rẹ̀. Gíríìsì á pa ariwo náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Owó béárìn tuntun á ti wọ àpò.

Ládélé á sì ṣe àmín sí ìre náà, tẹnu tẹnu. Ó ń ṣe àmín sí àdúrà ẹni tí ó ń tì sẹ́nu ikú! Ìwà bẹ́ẹ̀ ń kó ni nírìíra.

Adébánjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lẹ táyà nítòsí ibẹ̀, mọ ohun tó ń ṣe. Onígbàgbọ́ ni. Ó bá a wí lọ́jọ́ kan.

"Ládélé, irin kan náà tí o ń fi han gbogbo ayé yìí, ṣé òun náà lo máa fi han Ọlọ́run?"

Ládélé bú sẹ́rìn-ín. "Bánjí, lọ fún táyà ẹ ní atẹ́gùn jàre. Níbi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ."

Kò pẹ́ tí Tíṣà Ọmọlabí fi gbé Pijó rẹ̀ wá. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni Tíṣà. Nígbà tí Ládélé gbé mọ́tò náà sórí jáákì, táyà iwájú ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé eléyìí kò ṣeé bò. Ó bò ó náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ládélé lọ wo ọkọ̀ kan tó kú sójú ọ̀nà ní Ọbáfẹ́mi. Nígbà tó padà dé, ó bá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní títì.

"Jọkẹ́ dà?" ló bi Adébánjí.

"Ìyàwó ẹ ti lọ kí ìyá wọn ní Ifọ̀, òun àti Tolúwalọpẹ́. Tíṣà Ọmọlabí ló gbé wọn, wọn ò tíì pẹ́ lọ. Bàbá náà ní Jọkẹ́ ò ní sanwó, pé àwọn fi dúpẹ́ iṣẹ́ tó o ṣe ni."

Tolúwalọpẹ́ ọmọ Ládélé kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ládélé di Adébánjí lápá mú.

"Bánjí, gbé máṣíìnì ẹ! Mi ò pààrọ̀ ẹ̀! Béárìn Tíṣà, mi ò pààrọ̀ ẹ̀!"

Wọ́n gun alùpùpù, wọ́n sá eré tẹ̀lé mọ́tò náà. Ládélé fẹ́ gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Kí ni yóò wí? Ṣé kí Ọlọ́run bá òun mú olè tó ṣe é ni? Níkẹyìn ó ké tòò: "Olúwa, gbà wọ́n lọ́wọ́ mi!"

Adébánjí dáhùn láìwẹ̀yìn: "Má dákẹ́. Àdúrà gan-an nìyẹn."

Bí wọ́n ti kọjá Ibafo díẹ̀, wọ́n rí èrò. Pijó náà ti forí sọ kòtò, táyà rẹ̀ ti yọ, ó ti yí wọ oko ẹ̀gẹ́. Jọkẹ́ jókòó sórí koríko, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Ọmọ ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn wà láàyè.

Tíṣà rí Ládélé, ó sì gbá a mọ́ra.

"Ọmọ mi, má bara jẹ́. Mo mọ̀ pé o ṣe tìrẹ. Àwọn tó ń ta ayédèrú lọ́jà ló tà á fún ẹ. Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́!"

"Àmín!" ni Jọkẹ́ pariwo. "Wọn ò ní rójú, wọn ò ní ráyè!"

Ọ̀nà àbáyọ ti là. Kò ju kí Ládélé náà ṣe àmín lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kó o nírìíra. Ìfọwọ́gbámọ́ra bàbá yẹn ta á lára ju ẹgba lọ. Èébì gbé e, ó sì bì sínú koríko lójú gbogbo ènìyàn. Ó nu ẹnu, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má ṣépè fún ọlọ́jà, sà. Èmi ni. Béárìn yín àtijọ́ ni mo dá padà. Èyí tí mo fi hàn yín, kì í ṣe tiyín."

Jọkẹ́ wò ó, ó wo ọmọ, ó sì gbé ọmọ kúrò nítòsí rẹ̀.

Adébánjí kúnlẹ̀ tì í nínú eruku. "O ti sọ òtítọ́ fún èèyàn. Sọ ọ́ fún Jésù náà. Irú wa ló kú fún." Níbẹ̀, Ládélé sunkún. Kò ṣàwáwí kankan. Ó bẹ Kristi pé kí ó wẹ òun, kí ó sì gba òun bí òun ti rí. Kristi gbà á.

Lẹ́yìn náà, ó ń lọ láti ilé oníbàárà kan dé òmíràn, ó ń jẹ́wọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun pààrọ̀ béárìn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan bú u, ẹnì kan gbá a létí. Tíṣà dárí jì í, ṣùgbọ́n kò gbé mọ́tò fún un mọ́. Jọkẹ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀; ó pẹ́ kí ó tó ti Ifọ̀ padà wá, nígbà tó rí i pé ọkọ òun ti yí padà lóòótọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́? Bóyá o kò mọ jáákì rí. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí o fi ń bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀: ohùn dídùn, aṣọ ìjọsìn, ọrẹ tí o ń sọ sínú igbá. Ìríra ni lójú Ọlọ́run, ó sì yẹ kí ó rí ìwọ náà lára. Ládélé bá aya àti ọmọ rẹ̀ láàyè. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Nítorí náà, má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o ti ń ka èyí, ìbáà jẹ́ ìdíkọ̀, pe ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ fún Jésù. Kò ní lé ọ. Lẹ́yìn náà, dìde lónìí, kí o lọ bá ẹni tí ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lórí ibi tí o ṣe sí i.