Olófòófó Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn

"Olófòófó, o jíire bí? Kí lo tún rò fún wọn lánàá?"

Bí Màmá Rúùtù ṣe máa ń kí àpótí funfun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìyẹn láràárọ̀, bí ẹni ń kí àlejò tó sùn mọ́jú. Àpótí kì í dáhùn. Iná aláwọ̀ ewé kan ló máa ń tàn níwájú rẹ̀, ìyẹn sì tó màmá ní èsì. Á rẹ́rìn-ín, á lọ dáná.

Fìyìnfólúwa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ni àpótí yìí. Láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyẹn ń yan gààrí lọ́wọ́ ni, ó kàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Nítorí èyí ni bàbá Fìyìn, Olùkọ́ Ebenezer, kò fi ti ọmọ rẹ̀ ṣeré. Ó gbé e lọ sí Ìlọrin, àwọn dókítà sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ọkàn, kí ó lè máa ta ọkàn jí nígbà tó bá fẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ inú àyà ló ń ṣiṣẹ́. Àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò ju oníròyìn lọ. Bí Fìyìn bá ti sùn, àpótí á tẹ́tí sí ẹ̀rọ àyà, á sì fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rán ohun tó gbọ́ sí Nọ́ọ̀sì Lubabah ní ilé ìwòsàn Ìlọrin. Bí wáyà bá fẹ́ já, bí bátìrì bá fẹ́ tán, Nọ́ọ̀sì Lubabah á ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni ní Ìjàrà-Ìsin, ìlú wọn, tó mọ̀. Ìdí nìyí tí màmá fi sọ ọ́ ní Olófòófó.

Àwọn àgbà ní olófòófó kò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ. Olófòófó ti Fìyìn kò tilẹ̀ rí ọpẹ́ gbà. Ojú ń ti ọmọ náà nítorí rẹ̀. Oníbátìrì ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Bí ó bá sáré díẹ̀, ẹnì kan á pariwo pé, "Oníbátìrì, rọra o, kí tọ́ọ̀ṣì rẹ má kú!" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Fìyìn náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dé ọ̀fun.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìdílé tí Ọlọ́run bá ṣe lóore láàárín ọdún á ru iṣu wá síwájú pẹpẹ, ẹnì kan nínú wọn á sì jẹ́rìí. Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti Àbújá máa ń wálé, tí ìjókòó kì í gba èrò. Ní ọdún yìí, Màmá Rúùtù ní Fìyìn ni yóò jẹ́rìí fún ìdílé wọn.

Success, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí wọ́n bá gbé máìkì fún ẹ, má wá dúró máa sọ ti wáyà àti bátìrì o. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Sọ ohun tó máa mi ilé. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́ ní Oníbátìrì títí ayé ni?"

Ohun tí Fìyìn fẹ́ sọ kò ju pé ó dúpẹ́ pé òun wà láàyè. Ó sì sọ ọ́. Àwọn ènìyàn ní "Àmín," ṣùgbọ́n àmín tí ebi ń pa ni. Àwọn kan ti ń wo aago. Fìyìn rí Success tó ń mi orí sí i láti àárín àwọn akọrin. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Ọlọ́run ti wò mí sàn pátápátá! Mi ò lo ẹ̀rọ kankan mọ́!"

Ilé mì lóòótọ́. Wọ́n hó, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá ẹgbẹ́ bọ́ síwájú, wọ́n ń jó. Màmá Rúùtù yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ariwo ti pọ̀ ju ohun tí arúgbó lè dá dúró lọ. Ẹyin lohùn, èyí ti bọ́ lọ́wọ́ Fìyìn.

Bí wọ́n ṣe jáde, obìnrin kan dì mọ́ ọn. Àyìnkẹ́ ni, láti Èsìẹ́, ó wá bá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́. Fìyìn mọ̀ ọ́n dáadáa. Tóbi ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, náà ní ẹ̀rọ láyà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń lo àpótí ní Ìlọrin. Omijé ń dà lójú obìnrin náà.

"Ọlọ́run tó ṣe tìẹ á ṣe tèmi," ó wí. "Bí mo bá délé báyìí, n ó gbé àpótí tiwa pa mọ́. Ìgbàgbọ́ ò gbọdọ̀ ní ẹsẹ̀ méjì."

Ẹ̀rù ba Fìyìn. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àkókò yẹn gan-an ni Success fà á lọ́wọ́ pé kí ó wá ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ará Èkó. Fìyìn wo Àyìnkẹ́, ó wo fọ́tò, ó sì tẹ̀ lé Success.

Irọ́ kì í dá rìn. Àwọn mọ̀lẹ́bí láti Èkó máa sùn sí yàrá rẹ̀, wọn á sì rí iná aláwọ̀ ewé. Fìyìn yọ àpótí náà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi gèlè wé e, ó tì í sẹ́yìn àpò èlùbọ́ ní yàrá ìkẹ́rù. Ní òwúrọ̀, Màmá Rúùtù wá kí Olófòófó rẹ̀, kò bá a níbẹ̀.

"Fìyìn, ọ̀rẹ́ mi dà?"

"Ilé ìwòsàn ní kí n gbé e sinmi díẹ̀, Màmá."

"Wọ́n mọ̀ sí i?"

"Wọ́n mọ̀ sí i, mà."

Màmá wo ibi tí àpótí máa ń wà títí, ó mi orí, ó jáde. Bàbá kò sí nílé láti bi í léèrè síwájú sí i. Òmù-Àrán ló ti ń kọ́ni, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Àwọn àlejò padà sí Èkó, àpótí kò kúrò lẹ́yìn èlùbọ́. Báwo ni yóò ṣe gbé e jáde? Success lè yà wá nígbàkúùgbà, orúkọ tuntun tí wọ́n sì ń pe Fìyìn nílé ẹ̀kọ́, "Ọmọ Ìyanu," dùn létí rẹ̀ ju Oníbátìrì lọ.

Kò pẹ́ tí òsúkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú un láìjẹun láìmu. Nǹkan kan á ta pọ́ún lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀, á dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òòyì kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ omi, ó di páìpù mú kí ó má ṣubú. Bó ṣe ń nu ojú ni fóònù rẹ̀ dún.

"Fìyìnfólúwa, Lubabah ni. A ò gbúròó àpótí rẹ mọ́. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà. Kò dára níbí rárá."

"Ó dáa. Ṣé òòyì ò kọ́ ẹ? Ṣé nǹkan kan ò ta ẹ́ láyà?"

Ilẹ̀ ṣì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ yìí o. Ó fara ti ògiri. "Rárá, mà. Ara mi le koko."

"Wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, jọ̀ọ́. Bí mi ò bá rí nǹkan, n ó pe bàbá rẹ."

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fìyìn tún ju ẹni tó dákẹ́ lọ, ó ń ti ẹnu àwọn tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Kí nọ́ọ̀sì tó pe bàbá rẹ̀ ni ó ṣubú. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ ogun ní pápá ilé ẹ̀kọ́ fún ìdíje eré ìdárayá, Fìyìn sì wà ní ìlà iwájú, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí Oníbátìrì dé. Ó gbọ́ fèrè olùkọ́ lókèèrè, bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti ń fọn ọ́n. Oòrùn ṣókùnkùn. Ojú ìyá rẹ̀ ló rí kẹ́yìn, nídìí agbada gààrí.

Olórí ilé ẹ̀kọ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e, wọ́n gbé bàbá rẹ̀ ní Òmù-Àrán, wọ́n sì sá lọ sí Ìlọrin. Lójú ọ̀nà, ó ń jí, ó ń dákú. Olùkọ́ Ebenezer di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀ láìdánudúró, bí ẹni tí ń pe ẹran tó fẹ́ wọ inú igbó.

Wáyà ló ti sán. Dókítà sọ ọ́ fún bàbá láìfi bò: ó ti pẹ́ tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀, bí àpótí bá ń ṣiṣẹ́ ni, wọn ì bá ti rí i tipẹ́, ọmọ ì bá sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi wáyà mìíràn sí i. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ó jí.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Tóbi."

"Tóbi wo?" Nọ́ọ̀sì Lubabah bi í.

"Tóbi Èsìẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wò ó bóyá àpótí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà nígbà tó dé. "Ó ti dákẹ́ láti ìgbà tí tìrẹ ti dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Irọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Nọ́ọ̀sì pe Àyìnkẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó ní Ọlọ́run ti gba ìjà àwọn jà. Fìyìn na ọwọ́ gba fóònù. Bàbá rẹ̀ dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn, Màmá Rúùtù jókòó sórí àga, kò sì sí ibi tó lè sá sí.

"Ìyá Tóbi, Fìyìn ni."

"Fìyìn! Ọmọ tí Ọlọ́run wò sàn! Wá bá mi sọ fún wọn!"

"Mà, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rọ ò kúrò láyà mi rí. Ilé ìwòsàn ni mo wà báyìí, díẹ̀ ló kù kí n kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí Tóbi jáde."

"O pa irọ́? Nínú ilé Ọlọ́run?"

"Nínú ilé Ọlọ́run, mà."

Wọ́n gbọ́ ohùn ọmọdé lẹ́yìn obìnrin náà tó ń kọrin. "Ẹ̀rí tìẹ ni mo dì mú, Fìyìn," ni Àyìnkẹ́ wí. Ó pa fóònù.

Wọ́n pè é padà, kò gbé e. Fìyìn kò jẹun. Kò sí ẹni tó bá a wí. Bàbá rẹ̀ kàn kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì, ìyẹn sì dun ọmọ náà ju ẹgba lọ. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Lubabah yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sáré.

"Ó ti dé! Ìròyìn Tóbi ti dé. Bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán. Mo ti ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ kíákíá."

Ibùsùn tó kángun sí ti Fìyìn ni wọ́n gbé Tóbi sí, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ètè rẹ̀ ti ṣú, ìka rẹ̀ tutù. Àyìnkẹ́ kò wo ojú Fìyìn. Ọmọ náà ló yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n Fìyìn, kí ló dé tí ẹ fi sọ pé tiyín ti sàn?"

Fìyìn wá irọ́ kan tó rọrùn, kò rí i. "Mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ni."

Tóbi rò ó díẹ̀. "Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́?"

"Wọ́n pàtẹ́wọ́."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi wá gbé e lọ.

Tóbi là á já. Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́ kò dì mọ́ Fìyìn mọ́ láti ọjọ́ náà, Fìyìn kò sì retí pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, ó gba àyè lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó dúró níwájú ìjọ, ó ní ẹ̀rọ ń bẹ láyà òun, àti pé ẹ̀rọ náà gan-an ni oore tí Ọlọ́run ṣe fún òun. Kò sí ẹni tó hó lọ́jọ́ náà. Màmá Rúùtù nìkan ló dìde láti dúró tì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìyìn tí a fi irọ́ gbà, gbèsè ni, kì í sì í ṣe ẹni tó gbà á nìkan ló ń san án. Ẹni tó fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ nítorí ojú ayé ti fún ikú ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ máa sọ ohun tó ń ṣe yín fún àwọn tó lè ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ níwájú èrò, nítorí ẹ kò mọ ẹni tí yóò gbé e délé.

Àpótí funfun ti padà sí àyè rẹ̀. Láràárọ̀ báyìí, Fìyìn ló ń kọ́kọ́ kí i, kí Màmá Rúùtù tó wọlé.

"Olófòófó, o ṣeun. Máa rò fún wọn."