Kànga Tí N Kò Wọ̀n

"Fọláhànmí, o ò tíì dìde? Ilẹ̀ ti mọ́ o!" Màmá mi ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Mo fa aṣọ borí. Ọ̀lẹ ń ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Iṣẹ́ tí mo gbà kò le rárá. Ilé ìwádìí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wá ọ̀nà tí omi kò fi ní wọ́n wa mọ́ ní Ìkòyí-Ilé. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, kí n sọ okùn tí wọ́n fàlà sí sínú kànga ọjà, kí n kọ ibi tí omi dé. Bí ìwé mi bá fi hàn pé omi ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, wọn yóò bá wa gbẹ́ òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é dáadáa. Ni Ìníolúwa ọ̀rẹ́ mi bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ta ló máa wá wo inú kànga? Ṣebí nọ́ńbà lásán ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Láti ọjọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń wọn omi: mítà mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin ó lé díẹ̀. Oṣù méjì gbáko!

Ọjọ́ tí àwọn ará ilé ìwádìí dé, gbọ̀ngàn ìlú kún. Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣògo, tó mọ̀ nípa omi, yẹ ìwé mi wò. "Ẹ kú oríire o. Omi yín pọ̀ tó, ẹ ò nílò kànga mìíràn."

Háà! Àwọn ìyá ń wo ara wọn. Màmá mi, tó máa ń pọnmi lódò kó tó lọ sóko, káwọ́ lérí.

Dókítà Oyèrónkẹ́ gba ìwé náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa jókòó ti àwọn ará ìlú, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó mọ omi kì í dá ìpinnu ṣe láìgbọ́ tẹnu ẹni tó mọ èèyàn.

"Ẹ dúró ná, sà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà ibí. Kànga yìí ni gbogbo ọlọ́jà ń mu, tòun ti màlúù. Báwo ni omi ọjọ́ kejì ọjà ṣe máa rí bákan náà pẹ̀lú tọjọ́ yòókù?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Irọ́ pé okùn ló bàjẹ́ ti dé ẹnu mi, àfi bí mo ṣe rí ojú Màmá. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo kàn ń kọ ọ́ ni."

"Fọláhànmí! Ìwọ?" Màmá mi figbe ta. Ojú tì mí gan-an.

Dókítà mí kanlẹ̀. "O ṣeun tó o sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ tán. Ó di ọdún tó ń bọ̀ ká tó lè tún un wọ̀n."

Ọdún kan nìyẹn o! Àgbà, aláboyún, ọmọdé, gbogbo wọn ló ń lọ sódò nítorí oorun mi. Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, mo sì ń wọn kànga láìpa ọjọ́ kan jẹ. Màmá kò bá mi wí mọ́. Ó kàn máa ń bu omi odò fún mi láràárọ̀. Omi náà pọ́n, ó ń rùn, mo sì ń mu ún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ o. Bí èèyàn bá parọ́ sínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá ire ìlú, ìlú ló parọ́ fún, ìyá tó bí i náà sì wà nínú ìlú yẹn.