Orúkọ Tí Ọ̀gá Kọ Sínú Àṣẹ

Aago ọwọ́ ọ̀gá wa bọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń nawọ́ sí àwòrán ara ògiri. Ìdè rẹ̀ ò ṣí, okùn rẹ̀ ò sì já. Ó kàn gba orí ọwọ́ rẹ̀ yọ ni. Akọ̀wé wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbààwẹ̀ tí ẹ ò sọ fún wa ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde: inú mi dùn. Àwòrán ilé là ń yà níbi iṣẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló ya ilé ìkàwé ńlá tí wọ́n ń kọ́ sáàárín ìlú, àìsàn sì mú un lọ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹkún ò tíì dá lójú wa tí ọ̀gá fi pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní igun gbogbo àwòrán náà, tó kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Mo wọlé bá a, mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tó yà á." Ó ní, "Àbúrò, ẹni tó ti kú, kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe?" Ọ̀rọ̀ yẹn há mi láyà títí di òní.

Ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa jọ ń lò. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, àyè inú rẹ̀ ò tó nǹkan, ló bá kọ àwọn àṣẹ kan sínú fáìlì kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ṣíwọ́. Á wá ohun tó ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n kọ sínú àṣẹ, á fún un pọ̀ kó lè kéré, á kó o lọ sínú háàdì, àpótí ìpamọ́ kékeré tó wà lórí tábìlì, á wá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀, torí inú fódà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ là ń kó iṣẹ́ ilé ìkàwé tó bá ti parí sí.

Ní ìrọ̀lẹ́, fèrèsé dúdú á ṣí lójú kọ̀ǹpútà, á kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi gàdàgbà síbẹ̀. Ọ̀gá ò lè fara dà á. Ó tẹ àwọn àwòrán tó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí jáde, ó pa fódà náà rẹ́, ó pa gbogbo ẹ̀dà tó wà nínú háàdì rẹ́, ó ṣí fáìlì àṣẹ, ó yọ orúkọ òkú kúrò, ó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀, torí ó fẹ́ràn kó máa rí orúkọ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Kò rántí ṣí fódà tuntun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Fèrèsé dúdú ṣí, ó ní òun ti rí i, òun ti fún un pọ̀, òun ti kó o pamọ́. Mo gbọ́wọ́ lé háàdì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, lọ́fíńdà ọ̀gá sì ń ta sánsán lára rẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, ọ̀gá fúnra rẹ̀ nìkan ló kù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo kàn ń wò ó. Ó di ẹni tó ń fọwọ́ di ṣòkòtò mú bó bá ń rìn. Ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sọ́sibítù, dókítà ní òun ò rí àìsàn. Ohùn rẹ̀, tó máa ń gba gbogbo ilé kan tẹ́lẹ̀, wá tín-ín-rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, bá mi yọ orúkọ mi kúrò nínú fáìlì àṣẹ yẹn; ìrọ̀lẹ́ tó bá ti kọ ọ́ ni mò ń kéré sí i. Mo ti gbìyànjú, bọ́tìnnì ò gbọ́ ìka mi mọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó ya ilé ìkàwé."

"Mú bébà wá. Màá kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i."

Ká ní mo gbà, ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bébà ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ojú tì í. Mo ní, "Ẹnu yín la máa fi gbọ́ ọ, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó dọ̀la."

Ó wò mí. "Ọ̀la ti jìnnà," ló wí. Mo jáde, mo sì jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ dé.

Lọ́jọ́ kejì, a pé jọ sí yàrá rẹ̀. Wọ́n ti fi kóòtù bò ó lórí àga, akọ̀wé ń nu ojú. Ọ̀gá lanu, ó sì sọ ọ́. Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ bó ṣe pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára àwòrán, kò fi nǹkan kan pamọ́. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ò tó ti ẹ̀fọn. Èmi nìkan ni mo gbọ́.

"Kí ló ní?" ni wọ́n ń bi ara wọn.

"Omi ló ń béèrè," akọ̀wé wí.

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn. Wọ́n yíjú sí mi tìbínú-tìbínú. Akọ̀wé ní, "Ẹni tó ń kú lọ! Ṣé ìwọ ò lójú àánú ni?"

Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà láti yọ orúkọ náà. Ìrọ̀lẹ́ ò tíì dé, àmọ́ fèrèsé dúdú ti ṣí dè mí. Ó ní òun ti parí. Igbe ta lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀, kóòtù náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àga.

Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Wọ́n parí ilé ìkàwé, wọ́n gbẹ́ orúkọ ọ̀gá sára òkúta níwájú ilé náà, ó ga ju èèyàn lọ. Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìṣílé ń sunkún nítorí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Háàdì náà wà nílé wa báyìí. Bí mo bá gbé etí lé e, mo ń gbọ́ ohùn ọ̀gá nínú rẹ̀: òun kọ́ ló yà á, obìnrin náà ni. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Mo wá gbé e lọ bá ìyá wa. Mo ní, "Màámi, ẹ gbọ́, ó ń jẹ́wọ́." Wọ́n gbé etí lé e, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n di ojú.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ó kàn gbóná ni."