Ohun Tí Fúnmiláyọ̀ Rí Lábẹ́ Ọkọ̀

Obìnrin kan dúró gbagidi níwájú ọkọ̀ Adéríbigbé, àpò ìwé ní èjìká, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń pàrọwà fún ẹṣin. Gowon Estate ni, lọ́dún 1991, nínú ọyẹ́ tó gbẹ ilẹ̀ débi pé eruku ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ ènìyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde. Ó ń jò."

Adéríbigbé sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ táútáú.

"Àǹtí, mẹkáníìkì ni mí o. Ibo ló ti ń jò?"

Ó nàka sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú. "Ibẹ̀ yẹn. Ó ń dán bí òróró." Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Adéríbigbé gbé jáàkì, ó tú táyà. Páìpù bíréèkì ti sán tín-ín-rín bí irun. Kò tíì jò. Bí ó bá gbé ọkọ̀ wọ títì lọ́jọ́ náà, páìpù náà ìbá já.

Ó wá obìnrin náà kiri títí ó fi rí i. Olúfúnmiláyọ̀ ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Lọ́sàn-án gbogbo, Adéríbigbé a máa dúró dè é lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀pà sísun.

"Tíṣà, ẹ wo èmi náà wò, bóyá mo ń jò."

"Ẹnu yín ló ń jò, jàre."

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ, ni obìnrin náà sọ ti inú rẹ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kú, mo rí ohun tó ń dán yẹn lábẹ́ ọkọ̀ wọn. Mo rò pé omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ ni, n ò sọ nǹkan kan. Bíréèkì ò mú ní Ìyànà Ìpájà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì, kó tó jò rárá."

Adéríbigbé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni kó o máa sọ fún, olólùfẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n Màmá Cecilia, ìyá Adéríbigbé, kò fẹ́ gbọ́. "Ẹni tó ń rí ikú kó tó dé, ta ló mọ̀ bóyá òun ló ń pè é? Kò ní í wọ ilé mi."

Ní Sátidé kan, Adéríbigbé fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Àgbàdo. Fúnmiláyọ̀ dé, ó sì dúró lójijì.

"Ó wà níbẹ̀. Ó pọ̀ ju ti bàbá mi lọ."

Adéríbigbé yẹ páìpù wò, ó yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Kò rí nǹkan kan.

"Ṣé o rí i?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ ọkọ̀ ká máa lọ."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Fúnmiláyọ̀, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. "Ẹ má bínú, màmi. A ò lọ."

Màmá Cecilia yàn láti dúró ti ọkọ̀ náà, inú ń bí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ: tó, tó, tó. Lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ilẹ̀ ń di dúdú, ó ń tàn, ó ń dán, títí ó fi kan bàtà màmá náà.

Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó yíjú sí Fúnmiláyọ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, nígbà ikú bàbá rẹ?"

"Mẹ́tàlá, mà."

"Ọmọdé. Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Ìwọ kọ́ lo pa á."

Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó wó sílẹ̀ ó ń sunkún, màmá náà sì jókòó tì í nínú eruku, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì délé, ìyàwó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ó rẹ̀ ọ́?" ni Adéríbigbé bi í.

"Rárá, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká rọra máa lọ."