Ọ̀pẹ Aràrá Ilé Adégbóyè

"Ta ló ń tọ́jú ọ̀pẹ yìí?" Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ìdí ọ̀pẹ kúkúrú kan tí ewé rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀.

"Ọmọ́fẹ́ ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè dáhùn. "Ọmọ yẹn ní làákàyè."

Fèyísọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tíréè omi tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tó bí i ló ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa òun rí. Ó gbé omi sílẹ̀, ó sì wọlé láìkí ẹnikẹ́ni.

Ọgbà òdòdó ni Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá ní ní Ring Road, ọ̀rẹ́ ìyá Fèyísọ́lá sì ni. Kí ó tó lọ lọ́jọ́ náà, ó ní òun rí àwọn ewé kéékèèké tó ń yọ ní ìdí ọ̀pẹ yìí, òun ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ni tàbí kóríko lásán. Òun á padà wá lọ́jọ́ Sátidé láti tú ìdí rẹ̀ wò dáadáa. Ó tún ní ẹni tó bá lè tọ́jú irú ọ̀pẹ báyìí láàárín oòrùn Ìbàdàn, òun á mú un wá kọ́ṣẹ́ lọ́gbà òun ní gbogbo ìsinmi gígùn.

Inú Fèyísọ́lá bàjẹ́ pátápátá. Ọgbà yẹn ló ti ń wù ú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti máa ń ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o, Fèyísọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ọ̀pẹ náà. Adéfọlárìn, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun l'Ékòó, ló gbé e wá nínú ìkòkò kékeré. Ó ní ọ̀pẹ aràrá ni, kì í ga ju èèyàn lọ, atẹ́gùn òkun ló mọ́ ọn lára, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn ọ̀sán pa á. Fèyísọ́lá ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí fóònù káyé rí i, lẹ́yìn náà ló ti ìkòkò sẹ́yìn táǹkì omi, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, Ọmọ́fẹ́ bi í bóyá kí òun máa bá a tọ́jú rẹ̀.

"Máa gbé e lọ jàre," ni ó wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ọmọ àbúrò Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè lóbìnrin ni Ọmọ́fẹ́. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti mú un wá sí ilé wọn ní Bódìjà nígbà tí nǹkan le fún ìyá rẹ̀, kó lè máa rí ilé ìwé lọ. Òun àti Fèyísọ́lá jọ wà ní kíláàsì kan náà, wọ́n sì jọ ń sùn ní yàrá kan. Ó bu yanrìn wá láti etí omi Ẹlẹ́yẹlé, ó pò ó mọ́ ilẹ̀ dúdú kí omi má baà máa dúró sí ìdí ọ̀pẹ, ó sì gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, tí ògiri sì ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án. Ọ̀pẹ tí ẹnìkan ti sọ nù sì tún jí.

Jésùlọlá, ọ̀rẹ́ Fèyísọ́lá nílé ìwé, ló wá da epo sí iná. Ó ní ṣé Fèyí ò rí i pé wọ́n ti ń gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Lónìí ọ̀pẹ, lọ́la bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Fèyísọ́lá lára. Nígbà tó bá rí Ọmọ́fẹ́ tó ń bomi rin ọ̀pẹ, ṣe ló máa ń dà bíi pé kó fa irun rẹ̀ tu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Ọmọ́fẹ́ lọ sí ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, àwọn òbí sì wà níbi iṣẹ́. Fèyísọ́lá mú ọ̀bẹ ìdáná. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Lábúlé ìyá ìyá rẹ̀, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ pé ọ̀pẹ tí wọ́n bá gé lórí, ibi tí mọ̀rìwò ti ń yọ, ó parí fún un nìyẹn, kò ní rú mọ́ láé. Ó ti ọwọ́ bọ àárín ewé, ẹ̀gún tó wà lára ọ̀pá ewé gún un, ó tún gún un, kò dúró. Ó gé orí ọ̀pẹ náà bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Ọmọ́fẹ́ dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú kùkùté yẹn, ó ń sunkún. Fèyísọ́lá ní ó ní láti jẹ́ ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò. Ewúrẹ́ wo ló ń fi ọ̀bẹ jẹun? Bàbá rẹ̀ kàn wò ó.

Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá dé lọ́jọ́ kejì. Ó wo ibi tí wọ́n ti gé e, ó mi orí. Ó wá fi ìka tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó pe gbogbo wọn kí wọ́n wá wò ó. Ó ní ọmọ ni àwọn ewé kéékèèké yẹn lóòótọ́, oníkálukú sì ti ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ọ̀pẹ tiwa tó ń so ẹyìn, orí kan ló ní, ẹni tó bá gé e ti pa á. Ṣùgbọ́n èyí, ìdí ló ti ń bí sí i. Bí ìyá ti lọ yìí, àwọn ọmọ á túbọ̀ rí àyè dàgbà.

Fèyísọ́lá gbọ́ ọ, ilẹ̀ kò sì lanu kó gbé e mì.

"Fèyísọ́lá, súnmọ́ mi," ni obìnrin náà wí.

Fèyísọ́lá kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Mo dé, mà."

"Ọmọ́fẹ́ wá bá mi ní Ring Road lọ́jọ́rú. Ó ní ìwọ ni wọ́n fún ní ọ̀pẹ yìí, òun kàn bá ẹ tọ́jú rẹ̀ ni. Ó bẹ̀ mí pé kí n má mú òun nìkan, kí n mú ẹ̀yin méjèèjì. Mo sì ti gbà fún un." Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí i. "Na ọwọ́ ẹ kí n rí i."

Kò sí ibi tó lè gbà. Ó na ọwọ́. Ó ti wú, ojú ẹ̀gún sì pọ́n káàkiri ìka àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ẹni tó gé ọ̀pẹ.

"Ẹni tó lè torí ìlara gé ohun tó ń hù," ni Ìyáàfin Tẹjúmọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kò sì le, "mi ò lè fi ọgbà mi sí i lọ́wọ́. Ọmọ́fẹ́ ni màá mú."

Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fèyí, kí lo fẹ́ tí mi ò ṣe fún ẹ?"

Omijé bọ́. "Ẹ ò yìn mí rí, Dádì. Ọmọ́fẹ́ ni ẹ máa ń yìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun bàbá náà, ó hàn lójú rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kí n jẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lo gbìn, ọmọ mi, tí mo wò tí mi ò yìn?"

Fèyísọ́lá yíjú wo kùkùté ọ̀pẹ náà.

Ìsinmi dé. Láràárọ̀ ni Ọmọ́fẹ́ ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ring Road, tí Fèyísọ́lá ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ti bẹ̀ ẹ́, Ọmọ́fẹ́ sì ti ní kò sí nǹkan. Síbẹ̀, àṣírí ọkàn tí wọ́n máa ń bá ara wọn sọ lórí ibùsùn ti dópin, ìyẹn kò sì tíì padà. Fèyísọ́lá ló ń bomi rin ọ̀pẹ báyìí, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Àwọn ọmọ ọ̀pẹ ti yí kùkùté ìyá wọn ká, wọ́n nípọn, wọ́n ń dán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aṣebi ń ṣe ara rẹ̀ ni. Ọ̀bẹ tí Fèyísọ́lá gbé sí ọrùn ọ̀pẹ ẹlòmíràn, àyè tí Ọmọ́fẹ́ ti bá a bẹ̀ sílẹ̀ ní Ring Road ló fi gé. Bí ohun tí ẹnìkejì rẹ ní bá wù ọ́, lọ gbin tìrẹ, kí o sì tọ́jú rẹ̀.